Gbọ̀ngàn Inú Ẹ̀rọ: Ta Ni Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ṣí Sílẹ̀ Fún?



Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ IBM ní orílẹ̀-èdè Ítálì ṣe ìwọ́de kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgboro. Kò sí ọlọ́pàá tí ó yin afẹ́fẹ́ tajútajú lù wọ́n, kò sí ọkọ̀ tí ó dúró nítorí wọn, bí òjò tilẹ̀ rọ̀ kò lè pa wọ́n. Inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe é. Ibi tí wọ́n pé jọ sí ni Second Life, ayé kan tí ilé-iṣẹ́ Linden Lab ní Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ ní ọdún 2003, níbi tí olúkúlùkù ti ń fi àwòrán kan ṣojú ara rẹ̀, tí àwòrán aṣojú náà ń rìn, tí ó ń jókòó, tí ó sì ń bá àwọn àwòrán mìíràn sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó bí àwọn òṣìṣẹ́ náà nínú kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ dúnàádúrà fún àfikún owó tí kò tó nǹkan. Dípò kí àwọn ọ̀gá fi kún un, ńṣe ni wọ́n yọ owó àjẹmọ́nú kan kúrò, èyí tí ó tó nǹkan bí 1,000 yúrò lọ́dún fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 9,000 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò dà bí iṣẹ́ èbúté tàbí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí fọ́n káàkiri, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn oníbàárà. Bí wọ́n bá dúró sí ẹnu géètì, ta ni yóò rí wọn? Wọ́n wá kíyè sí i pé IBM fúnra rẹ̀ ti ná owó púpọ̀ sórí Second Life. Ó ti gba ilẹ̀ síbẹ̀, ó ti kọ́ ilé síbẹ̀, ó sì ń fi í yangàn lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n lọ bá a.

Wákàtí méjìlá ni ìwọ́de náà gbà. Àwọn tí ó wá lé ní 1,800, láti orílẹ̀-èdè 30. UNI, àjọ àgbáyé tí ó kó ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, ìṣòwò, ìbánisọ̀rọ̀ àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nyon ní Switzerland, ni ó ti wọ́n lẹ́yìn. Àwọn kan gbé pátákó dání, àwọn kan gbé àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá wọ̀, nítorí pé nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ènìyàn lè gbé àwọ̀ tí ó bá wù ú wọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn ibùdó ìṣòwò rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ọ̀gá àgbà IBM ní Ítálì ti fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò sórí àdéhùn tuntun tí ó dá owó náà padà. A kò sọ pé ìwọ́de inú ẹ̀rọ nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Ítálì kì í ṣe ọmọdé nínú ìyanṣẹ́lódì, dúnàádúrà sì wà lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n àwọn oníròyìn kárí ayé gbé ọ̀rọ̀ náà, ohun tí ilé-iṣẹ́ ìbá fẹ́ kí ó parí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ.

A mú ìtàn yìí wá nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ yọ léraléra báyìí nígbà tí àwọn olùdarí ẹgbẹ́ bá jókòó láti gbèrò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àpérò. Àwọn kan ní ó tó àkókò kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní virtual reality, èyí tí a ó máa pè ní ayé àfẹ̀rọdá nínú ìwé yìí. Wọ́n ní yóò mú kí àwọn tí ọ̀nà wọn jìn lè wá sí ìpàdé, kí ìpàdé sì dùn ún jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, kì í sì í ṣe ohun tí a lè gbà wọlé láìbi í léèrè ọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye. Awò ńlá kan ni, tí a ń dì mọ́ ojú. Nínú rẹ̀, ojú kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀, àwòrán méjèèjì sì yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú ọ̀tún wa ń rí ṣe yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òsì. Ọpọlọ ni yóò pa méjèèjì pọ̀, tí nǹkan yóò fi dà bí ẹni pé ó jìn tàbí pé ó súnmọ́. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ bí orí ṣe ń yí. Bí ẹ bá wo ọ̀tún, apá ọ̀tún gbọ̀ngàn ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn, ẹ ó rí àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn yín. Ohùn pẹ̀lú ní ààyè tirẹ̀. Ẹni tí ó súnmọ́ yín ni ẹ ó gbọ́ ketekete, ohùn ẹni tí ó wà ní ìkángun gbọ̀ngàn yóò sì rẹlẹ̀.

Ohun tí a sọ kẹ́yìn yìí, ọ̀rọ̀ ohùn, ni ó ṣe pàtàkì jù lójú àwa tí a ń kọ́ òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ìpàdé orí fídíò dà láti ọdún 2020. Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀, igba ènìyàn dákẹ́, ojú wọn sì jẹ́ àpótí dúdú tí a kọ orúkọ sí lára. A kò mọ ẹni tí ó ń gbọ́, a kò mọ ẹni tí ó ti lọ bu oúnjẹ. Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, tí a mọ̀ sí ILO, kò lè pe àpéjọ ọdọọdún rẹ̀ ní 2020. Nígbà tí ó sì pè é ní 2021, orí ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wáyé. Ìpàdé náà ṣe é ṣe, àwọn ìwé jáde, ìpinnu wáyé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lọ sí àpérò ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ni a ń ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí nọ́ọ̀sì láti Kàdúná ti ń gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì láti Calabar irú àdéhùn tí wọ́n ṣe lórí iṣẹ́ òru, tí onítọ̀hún sì ń da iwé rẹ̀ kọ kí tíì tó tutù. Ìpàdé fídíò kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbọ̀ngàn inú ayé àfẹ̀rọdá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin lè yà sí igun kan, kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ tiwọn, kí mẹ́fà mìíràn wà ní igun kejì, láìsí pé wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́, nípa kíkó wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké kí wọ́n bá ara wọn jíròrò, lè padà wọlé.

Ọ̀ràn ìrìnàjò náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka láti Sókótó dé Port Harcourt, láti Maiduguri dé Badagry. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ, owó ọkọ̀ ti fò kọjá ibi tí owó oṣù lè bá a dé. Ẹ fi ewu àwọn ajínigbé ojú ọ̀nà kún un. Ẹ fi ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kún un, ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, àti ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́ àrọ, tí ó dé òtẹ́ẹ̀lì tí a ti ń ṣe àpérò, tí ó rí i pé orí àtẹ̀gùn ni gbọ̀ngàn wà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń rí ojú kan náà ní àpérò lọ́dọọdún. Àwọn tí ó lè wá ni ó ń wá.

Nígbà náà, kí ni ó dé tí a kò fi ní kí ẹgbẹ́ ra awò náà lọ́la?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, nítorí pé owó ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Meta gbé awò kan jáde tí ó pè ní Quest 3S, ọ̀kan nínú àwọn tí owó wọn kéré jù lórí àtẹ nígbà náà. Nǹkan bí 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, dọ́là kan ti lé ní 1,500 náírà. A jẹ́ pé awò kan ṣoṣo kò dín ní 450,000 náírà nígbà náà, kí a tó san owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀, kí aṣọ́bodè tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí oníṣòwò tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ, èyí tí ó di òfin ní oṣù Keje ọdún 2024 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìdààmú, jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ń gba iye yẹn yóò fi gbogbo owó oṣù rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, láìjẹ, láìmu, láìwọ ọkọ̀, láìsan owó ilé, kò sì ní í tíì tó. Ó sì wà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan tí 70,000 náà kò tíì tẹ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí òfin ti jáde.

Dátà ńkọ́? Ní oṣù Kínní ọdún 2025, àjọ NCC fún àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láàyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Ẹ rántí bí NLC ṣe bínú sí i, tí a sì ti ń múra ìwọ́de sílẹ̀ fún ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì kí wọ́n tó so ó rọ̀. Bí ẹni náà bá ní owó dátà tán, ó tún lè má rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá já ní itòsí Abidjan, báǹkì dákẹ́ ní Èkó, fóònù dákẹ́ ní Accra, Cotonou náà jẹ nínú rẹ̀. Iná mànàmáná kò sì yẹ ní ohun tí a ń kọ sínú ìwé fún ọmọ Nàìjíríà. Bátìrì awò náà kì í sáàbà kọjá wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ó tó kú.

Bí a bá wá ra ogún awò pẹ̀lú gbogbo èyí, ta ni yóò lò ó? Àwọn olóyè ní Àbújá ni. Wọn yóò dì í mọ́ ojú, wọn yóò ya fọ́tò, fọ́tò náà yóò sì jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. A ti mọ irú rẹ̀ rí. Kọ̀ǹpútà tí a rà fún ẹ̀ka di ohun ọ̀ṣọ́ lórí tábìlì alága, ó sì wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀ di ọjọ́ tí sáà fi parí. Ohun tí a ní a fẹ́ fi mú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jìnnà súnmọ́ yóò wá di ògiri tuntun láàárín òun àti àwọn tí ó ń ṣojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sí Ítálì fún ìṣẹ́jú kan. Nínú gbogbo àwọn tí ó lé ní 1,800 náà, kò sí ẹnì kan tí ó nílò awò àdìmójú. Ojú kọ̀ǹpútà lásán ni wọ́n fi ṣe é. Irú awò tí a ń wí yìí kò tíì sí lórí àtẹ fún mẹ̀kúnnù nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 pẹ̀lú, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ayé, àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn gan-an jẹ́ ayé àfẹ̀rọdá ń múra àpéjọ wọn, IEEE VR, tí ó yẹ kí ó wáyé ní Atlanta ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe awò náà fúnra wọn kò ní dandan ni kí ẹnikẹ́ni dé e wá. Gbọ̀ngàn tí wọ́n lò, Mozilla Hubs, ṣe é wọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ gbọ̀ngàn lè wo fídíò àwọn ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́. Ilẹ̀kùn púpọ̀ ni wọ́n ṣí sí ilé kan.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò bá lo gbọ̀ngàn inú ẹ̀rọ, kí á kọ́kọ́ ṣe ilẹ̀kùn fún ẹni tí ohun èlò rẹ̀ kéré jù lọ, kí á tó ṣe ti ẹni tí ó ní awò. Ẹni tí ó ní fóònù kékeré oníbọ́tìnnì gbọ́dọ̀ lè pe nọ́ńbà kan, kí ó gbọ́ ohun tí a ń sọ, kí alága sì fún un ní ààyè láti sọ tirẹ̀ kí gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Ẹni tí ó ní fóònù olójú fífẹ̀ gbọ́dọ̀ lè wọlé láìgba ohun ńlá sílẹ̀ sórí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tí ó bá ní kọ̀ǹpútà kan àti ẹ̀rọ tí ó ń ta àwòrán sára ògiri lè kó ogójì ènìyàn jọ sí ọ́fíìsì kan, kí àwòrán aṣojú kan dúró fún ẹ̀ka náà, kí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ máa bọ́ síwájú. Lójú tiwa, èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí ni ó bá ìṣe wa mu jù, nítorí pé ìpàdé òṣìṣẹ́ kò yẹ kí ó jẹ́ ohun tí olúkúlùkù ń dá ṣe nínú yàrá rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé ta ni ó ni gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí a bá gba gbọ̀ngàn ìlú, a mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. AltspaceVR jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi ìpàdé inú ayé àfẹ̀rọdá tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù. Microsoft rà á ní ọdún 2017, ó sì tì í pa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 2023. Gbogbo ilé tí àwọn ènìyàn ti kọ́ síbẹ̀ lọ. Mozilla náà ti Hubs tirẹ̀ pa ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà: Mozilla ti fi ìlànà tí a fi kọ́ Hubs sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè gbé e sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, àwọn kan sì ti ń bá a lọ láìsí Mozilla. Irú èyí ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń ṣe ìpàdé ní ilé oníṣòwò, ìwé ìjókòó rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníṣòwò.

Ìwé ìjókòó nìkan kọ́ pẹ̀lú. Ní Ítálì, àwòrán aṣojú bo ojú òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀, ọ̀gá kò sì lè fi ojú dá ẹni tí ó gbé pátákó mọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí yìí fún ọmọ ẹgbẹ́ nípa awò àdìmójú. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan, tí olórí wọn wà ní yunifásítì California ní Berkeley, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ó ń fi irú awò yìí ṣe eré orin kan. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀rọ bá ti kọ́ bí orí àti ọwọ́ ènìyàn ṣe ń lọ, ó lè fi ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá péré dá a mọ̀ láàárín àwọn tí ó lé ní 55,000, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣì í: ó gbà á nígbà 94 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a ṣe ń mi orí jẹ́ bí àmì ìka. Òṣìṣẹ́ báǹkì tí wọn kò tíì gbà láàyè láti wọ ẹgbẹ́, tí ó ń bọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ láti béèrè bí òun ṣe lè wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wà nínú Àdéhùn 87 ti ILO, tí Nàìjíríà ti fọwọ́ sí láti oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Fún irú ìpàdé yẹn, fóònù àti yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn ṣì sàn jù.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wa kò gbọdọ̀ kẹ́yìn. Ní ìparí ọdún 2021, obìnrin kan tí ó wà lára àwọn tí ó ń dán Horizon Worlds ti Meta wò fi ẹjọ́ sùn pé àjèjì kan ń fọwọ́ pa àwòrán aṣojú òun lára. Àwọn kan lè rẹ́rìn-ín pé àwòrán ni, kì í ṣe ara. Ẹni tí awò wà lójú rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀. Iwájú rẹ̀ gan-an ni ọwọ́ náà ti yọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Meta fi ààlà kan yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹnikẹ́ni má lè súnmọ́ ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Àdéhùn 190 ti ILO, tí a ṣe ní ọdún 2019 lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́, dárúkọ ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Bí a bá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ pé kí wọ́n pa á mọ́, gbọ̀ngàn tiwa náà gbọ́dọ̀ ní olùtọ́jú tí orúkọ rẹ̀ hàn, tí a lè fi ẹjọ́ sùn lójú ẹsẹ̀, tí ó sì ní agbára láti lé oníwàkiwà jáde.

Àwọn tí ó ń ta awò náà máa ń sọ pé ó dára fún àkàndá ènìyàn. Fún ẹni tí ń lo kẹ̀kẹ́ àrọ, òótọ́ ni. Kò sí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ń béèrè ọwọ́ méjì tí ó dá ṣáṣá. Ẹni tí kò ríran kò ní èrè kankan nínú àwòrán, àfi bí ẹnì kan bá ń ṣàpèjúwe fún un. Èdè àfọwọ́sọ sì nílò ìka àti ojú, àwọn ohun tí ọ̀pọ̀ àwòrán aṣojú kò tíì lè ṣe dáadáa. Nítorí náà, ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ gbọ́dọ̀ hàn nínú fídíò gidi lára ògiri gbọ̀ngàn. Àìsàn kan tún wà tí ó ń ṣe àwọn mìíràn nínú awò, bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń pa: ojú ń sọ fún ọpọlọ pé a ń rìn, etí inú ní a jókòó. Òfin tí ó de ìyàsọ́tọ̀ sí àkàndá ènìyàn ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kínní ọdún 2019, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì lè jẹ́ ẹni tí yóò rú u.

Èdè náà wà níbẹ̀. Ìpàdé orí ẹ̀rọ máa ń ti ènìyàn sínú Gẹ̀ẹ́sì ju ìpàdé ojúkojú lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó jókòó tì ọmọ ẹgbẹ́ láti sọ ọ́ sí i létí ní Yorùbá, ní Haúsá tàbí ní Ìgbò. Ní gbọ̀ngàn tí ohùn ti ní ààyè tirẹ̀, a lè fi ògbufọ̀ sí igun kọ̀ọ̀kan. Èyí tọ́ sí ìdánwò, kò sì ná wa ní ju ènìyàn mẹ́ta lọ.

Lórí ìdìbò, a dúró lórí ìwé òfin. Àtúnṣe ọdún 2005 sí òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé kí ìyanṣẹ́lódì tó wáyé, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé gbọ́dọ̀ ti dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ ṣe là á sílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tí ó ń wá ọ̀nà láti gbé wa lọ sí ilé-ẹjọ́ kò ní í rí ẹ̀bùn tí ó dùn ju ìdìbò tí a fi àwòrán nawọ́ nínú gbọ̀ngàn inú ẹ̀rọ. Ìjíròrò, ẹ̀kọ́, àríyá ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ìwọ́de ìbákẹ́dùn pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ilẹ̀ mìíràn, gbogbo ìwọ̀nyí lè wáyé níbẹ̀. Ìdìbò kò tíì lè wáyé níbẹ̀.

Ohun kan kù nínú ìtàn Ítálì tí àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ, bóyá nítorí pé kò ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú. Kí ọjọ́ ìwọ́de tó pé, àwọn tí ó ṣètò rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn tí kò wọ Second Life rí bí a ṣe ń rìn níbẹ̀ àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá dé, wọ́n ní ibi tí ó ti máa kọ́kọ́ yà, níbi tí wọn yóò ti fún un ní aṣọ àti pátákó, tí ẹnì kan yóò sì fi ọ̀nà hàn án. Iṣẹ́ olùṣètò nìyẹn, irú èyí tí àwọn aṣojú wa ń ṣe lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Kò sí awò tí ó lè ṣe é fún wa.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe kò nílò ju bírò àti ìwé lọ. Kí ó ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mélòó ni ó ní fóònù oníbọ́tìnnì nìkan, mélòó ni ó ní olójú fífẹ̀, mélòó ni kò ní rárá? Wákàtí mélòó ni iná ń wà lálẹ́ ní àdúgbò wọn? Mélòó ni ó ń ṣiṣẹ́ òru? Mélòó ni kò gbọ́ràn tàbí tí kò ríran? Èdè wo ni olúkúlùkù fẹ́ fi gbọ́ ọ̀rọ̀? Ta ni kò wá sí ìpàdé láti ọdún kan, kí sì ni ó dí i lọ́wọ́? Kí ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn olóyè sì kà á tán ní gbangba ìpàdé, kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ àpò ẹgbẹ́ nítorí awò kan ṣoṣo.